Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Pa Bàbá Mi

Ẹni tó bá sọ pé kọ̀ǹpútà kò lè pa ènìyàn, kò tíì ní irú èyí tí mo ní. Ọ̀sán Sátidé kan ni tèmi pa bàbá mi, níṣojú èèyàn mẹ́tàlélógójì, èmi gan-an ni mo sì tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Gbéèmù bọ́ọ̀lù ni mo máa ń gbá. Obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ni mí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí n lọ wá ọkọ. Wọ́n ti sọ ọ́, mo ti gbọ́, mo sì ti jẹ góòlù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá ń gbá a, àwọn èèyàn máa ń wò mí láìfù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà tuntun mi nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì: bó bá ń gbé gbéèmù, kò lágbára àtigbé àwòrán rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran, gbogbo rẹ̀ á wá máa wọ́ bí ìgbín. Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, kí n fi wáyà so ó mọ́ tuntun. Tuntun á máa gbá bọ́ọ̀lù, àtijọ́ á máa gbé àwòrán jáde.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà nílé, ti bàbá mi ni. Ó ti fi ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú fún ọdún gbọọrọ kó tó ra òmíràn. Eruku inú rẹ̀ tó láti gbin ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo tọrọ rẹ̀, bàbá mi wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Gbé e. Ṣùgbọ́n má pa nǹkan kan rẹ́ nínú ẹ̀ o." Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbé e sí yàrá mi ní Bàrígà, nínú ilé tí èmi àti bàbá mi nìkan ń gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ló kún inú rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ló dá wà lójú rẹ̀, tó ń jẹ́ TÈMI. Mo rò pé ìwé ilẹ̀ ni, n kò ṣí i.

Àṣìṣe mi rèé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yan àwòrán gbéèmù nìkan fún àwọn òǹwòran. Èmi, oníkánjú, mo yan gbogbo ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà. Ohunkóhun tó bá ti hàn lójú rẹ̀, gbogbo ayé ti rí i nìyẹn. Odindi ọdún méjì ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Àwọn òǹwòran mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bàbá mi ju bí wọ́n ṣe mọ̀ mí lọ. Wọn kò rí i rí o. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn ò ní jẹ́ kó o wá jẹun ni?" Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn. Bí kò bá ké mọ́ mi, wọ́n á máa bèèrè rẹ̀.

Ní Sátidé yẹn, ó ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti àárọ̀. Mo ń gbá bọ́ọ̀lù lọ, àfi bí àwòrán ṣe dúró gbagidi. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti sùn lọ. Mo ń tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, mo ń bú u. Nígbà tó jí, ó ṣe gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pa àwòrán gbéèmù dé, ó sì ṣí TÈMI.

Lókè, lẹ́tà gàdàgbà: Ó DÀRÌNNÀKÒ. Lábẹ́ rẹ̀ ni bàbá mi nínú agbádá funfun, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé oúnjẹ ti délẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pé. Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó fi ọmọ kan sílẹ̀ sáyé lọ, orúkọ mi sì wà níbẹ̀.

Ọkùnrin tó jẹ búrẹ́dì lójú mi láàárọ̀ ni mo ń wò nínú póstà òkú yìí. Mo pè é lórí fóònù, ó dún títí, kò gbé e. Kí n tó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ àbúrò bàbá mi tó wà ní Ìbàdàn, tó máa ń wò mí gbá bọ́ọ̀lù, ti pè wọlé: "Sístà mi, ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Mo ti sọ fún màmá mi o!" Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ fara balẹ̀." Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ní ilẹ̀ wa, ta ló ń sọ òótọ́ fún ọmọ olókùú? Wọ́n á ní ara bàbá ẹ ò yá díẹ̀, wọ́n á ní kó o fara balẹ̀. Mo wá gbà pé gbogbo ayé ti mọ̀, èmi nìkan ni kò mọ̀.

Mo sáré jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo bọ́ sínú kékè, mo ń sunkún títí dé Ṣómólú. Mo já wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà, ó ń jẹ ẹ̀wà.

"Kí ló dé? Ta ló ń lé ẹ?"

"Bàbá, ẹ ò kú?"

Ó gbé ṣíbí dúró. "Ṣé ó yẹ kí n ti kú ni?"

Mo dì mọ́ ọn tẹ̀wàtẹ̀wà. Kí n tó lè ṣàlàyé, a gbọ́ igbe lójú títì. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ìyá ọmọ tó pè mí láti Ìbàdàn, ti dé láti Pedro nítòsí, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. "Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi! Ta ni mo máa rí pè ní ẹ̀gbọ́n mọ́!" Ó rí i pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu. Igbe náà dá sí i lọ́fun. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó fi gèlè nà án léjìká lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá bú sẹ́kún tuntun.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo rí, bàbá mi ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú tì í.

"Àwa tá à ń ṣe póstà òkú, a kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo," ó ní. "Ti òkú àná la máa ń ṣí, ká yọ àwòrán ẹ̀, ká fi tòní síbẹ̀, ká yí orúkọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ní òdìkejì títì yẹn, gbogbo ayé ẹ̀ ló fi ṣe é fún olókùú. Nígbà tó kú, àwọn tó ṣe tiẹ̀ gbàgbé láti yí ìlà kan. 'Ìyá rere lọ' ni wọ́n fi sábẹ́ irùngbọ̀n ẹ̀. Ó wà lára ògiri títí dé Pedro. Mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti pé àádọ́rin," ni mo sọ. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. "Méjìdínláàádọ́rin ló wà níbẹ̀."

"Ọdọọdún ni mo máa ń yí i. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí mi, kí n tó fi nǹkan kan sẹ́nu, màá ṣí i, màá fi ọ̀kan kún un. Bí mo bá ti ṣe é, mo mọ̀ pé mo ti ja ọdún kan gbà." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ó ti tó ọdún méjì tí n ò yí i."

Ọdún méjì ni kọ̀ǹpútà yẹn ti wà lọ́dọ̀ mi.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ta ló ń sọ fún ọmọ ẹ̀ pé kó ṣí póstà ikú òun? Látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, n ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ mọ́. Ìgbà tó o gbé kọ̀ǹpútà yẹn wọlé ni mo tún gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ṣé nítorí nọ́ńbà ni kí n wá gbà á? Ṣùgbọ́n bí orí bá fọ́ mi pẹ́nrẹ́n báyìí, àyà mi máa ń já. Màá ní bóyá ibi tí nọ́ńbà yẹn dúró sí ni èmi náà máa dúró."

Àǹtí mi kàn ń fi gèlè nu ojú.

Èmi àti bàbá mi jọ padà sílé. Iná tó máa ń lọ nígbà tí mo bá fẹ́ jẹ góòlù, kò lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti gbàgbé láti pa láìfù. Póstà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà, èèyàn ẹgbẹ̀ta sì ń wò ó, àwọn tí kò wo bọ́ọ̀lù mi rí. Bàbá mi fi awò sójú, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn wọn sókè: "Sùn un re o, Bàbá. Ilẹ̀kùn ti tì pátápátá." Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní ó ti tì?"

Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń wọlé dáwọ́ dúró lójijì, bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé, n kò lè ka ìdajì wọn. Mo pa láìfù.

"Yí i fún mi," ni bàbá mi wí.

Mo pa méjìdínláàádọ́rin rẹ́, mo kọ àádọ́rin. Ó ní kí n wò ó dáadáa bóyá àmì orí rẹ̀ pé.

"Ìwọ ni wàá máa yí i báyìí, lọ́dọọdún. Ọdún tó o bá ṣí i tí kò sí ohun tó o máa yí mọ́, kọ ọjọ́ tí mo lọ sí i, kó o tẹ̀ ẹ́ jáde. Má jẹ̀ẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ìyókù."

Mo tẹ bọ́tìnnì pé kó fi í pamọ́. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà ronú títí bó ṣe máa ń ṣe, bàbá mi fọwọ́ lé mi léjìká, àwa méjèèjì jókòó, à ń dúró kó gbà.