Òkú Ọ̀dinatẹ̀ Tí Wọ́n Pín fún Ìyá Mi

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ìyá mi ló pa ọ̀dinatẹ̀ bàbá mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, irọ́ ló pa. Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí ní ìlú wa Manigri, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí. Bó bá dun ẹnì kan, kó mu omi tútù kó sinmi.

Olùkọ́ ni bàbá mi, ó sì ń dáko iṣu àti kajú bíi gbogbo ará Manigri. Mo ṣì kéré nígbà tí òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ fún un ní ọ̀dinatẹ̀ náà. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lóde òní. Bọ́tìnnì àti ẹ̀rọ, inú àpótí pẹlẹbẹ kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Télé, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n, ni a máa ń so ó mọ́ kí a tó lè rí ohun tí a ń tẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì ni a sì ń tọ́jú ohun tí a bá kọ sí. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé aṣọ funfun ló fi ń bò ó, bí ẹnì kan bá sì fi ọwọ́ epo kàn án, ẹni náà máa gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí.

Nígbà tí ìjọba gbé bàbá mi lọ sí iléèwé tó jìnnà, ó ní kí ìyá mi bá òun tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ìyá mi sì tọ́jú rẹ̀. Bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀wà nílé wa ló ṣe tọ́jú rẹ̀: ó da eérú sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, ó gbé ẹ̀rọ náà nàró sínú rẹ̀, ó fi ata gbígbẹ yí i ká, ó tún da eérú bò ó títí tó fi dé ọrùn ìkòkò, ó sì dé e pa. Kòkòrò kì í débẹ̀. Ẹ̀wà tí a bá tọ́jú báyìí, tí òjò bá dé, a gbìn ín, á sì hù. Nígbà tí bàbá mi padà dé, télé ti bàjẹ́, kò sì rí òmíràn rà. Báyìí ni ẹ̀rọ náà ṣe wà nínú eérú títí ọlọ́jọ́ fi dé bá bàbá mi.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ẹbí péjọ sí àgbàlá wa láti pín ẹrù òkú. Àbúrò bàbá mi ló ń pín in, òun tí àwa ọmọ ń pè ní bàbá kékeré. Kajú ló ń rà tó ń tà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ga bíi pé ọjà ló wà nígbà gbogbo. Ó pín oko, ó pín alùpùpù, ó pín agbádá. Nígbà tó kan ìkòkò, wọ́n dà á nù sílẹ̀, eérú sọ lálá, ẹ̀rọ náà sì yọ jáde pẹ̀lú ata lára.

Bàbá kékeré mi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan tí ìyàwó yìí ṣe! Ó rò pé ẹ̀wà ni!" Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù láyé, òpè ti pa á. Ó dáa, ẹni tó pa á ni kó gbé òkú rẹ̀. Ìpín tìrẹ nìyẹn."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà. Ẹ mọ bó ṣe rí: obìnrin tí wọ́n gbé wọlé, ọkọ ni ó ń pe gbogbo ẹni tó bá nínú ẹbí ọkọ rẹ̀, àti àgbà àtọmọdé, kì í sì í dá wọn lóhùn. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n, n kò tíì gbọ́ kí ìyá mi sọ "rárá" sí bàbá kékeré mi. Ṣùgbọ́n èmi, ọmọ bíbí inú ilé náà ni mí. Mo dìde. Mo ní, "Kò kú! Èmi yóò gbé e wá síbí lọ́jọ́ àdúà ọdún kan bàbá mi, á sì tàn lójú yín!" Àwọn àgbà ní kí n jókòó. Bàbá kékeré mi ní, "Tó bá tàn, kí o pè mí." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò jẹun ní ọjọ́ náà. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí Bassila, ìlú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, lórí zémijàn, alùpùpù akérò, nínú àpò ìrẹsì, mo gbé e lé itan bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ọjà, tẹlifóònù ni mo ń tún ṣe níbẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i, àwọn kan á wọlé, wọ́n á rí i pé obìnrin ni mí, wọ́n á máa wo ẹ̀yìn mi, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Mo máa ń ní, "Ọ̀gá ló ń wò yín yẹn. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀." Ọkùnrin ẹ̀yà Anii kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, télé ni òun ń tún ṣe. Faransé ni a jọ ń sọ, yẹ̀yẹ́ ni a sì jọ ń ṣe; Patrọ́nì, ìyẹn ọ̀gá obìnrin, ló ń pè mí. Nígbà tó rí ohun tí mo gbé dé, ó di imú mú. Ó ní, "Patrọ́nì, ṣé wọ́n ti ń fi ọ̀dinatẹ̀ se ọbẹ̀ ní Manigri ni?" Mo ní kó lọ jókòó sílé rẹ̀.

Mo ṣí i. N kò ní parọ́ fún yín pé eérú náà kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣe. Ní ọdún tí páànù yàrá tí ìkòkò náà wà lu, òjò ti kán sínú ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń se ọṣẹ dúdú, ẹ mọ ohun tí omi eérú jẹ́: ó ń jẹ ọwọ́ ẹni tó ń rò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ àwọn okùn bàbà tín-ín-rín inú ẹ̀rọ náà, tí wọ́n sì di aláwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Nínú yàrá kan náà, ikán ti jẹ gbogbo ìwé bàbá mi, ó jẹ àpótí ìwé náà, ó jẹ igi fèrèsé. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì, eku ti fà wọ́n já. Ohun kan ṣoṣo tí ikán àti eku kò fọwọ́ kàn ni èyí tí ìyá mi bò nínú eérú. Eérú bà á jẹ́ díẹ̀, eérú náà ló sì pa á mọ́. Kí ló dé tó jẹ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ?

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá eérú kúrò. Èyí tó ti le gbagidi, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi rẹ̀ ẹ́, mo fi omi ṣàn án, mo fi ọtí ilé egbòogi nù ún, mo sá a sí oòrùn. Wáyà tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ dáadáa, mo wá òmíràn tó bá a mu, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kì í bọ̀ ọ́, torí bí a bá kì í bọ̀ ọ́ lódìkejì, iná máa jó ohun tí eérú kò jẹ. Mo tan iná. Kẹ́kẹ́ pa. Aládùúgbò mi yọjú, ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀." Mo pòṣé.

Inú rẹ̀ ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé iná, bí ẹni ń tẹ̀lé omi nínú oko láti mọ ibi tó ti dí. Mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná sí ẹnu ọ̀nà: iná wọlé. Mo sún síwájú: iná wà. Mo tún sún: kò sí mọ́. Eérú ti jẹ okùn bàbà kan já níbẹ̀. Mo yọ́ òjé, mo so wáyà kékeré gba orí rẹ̀ kọjá. Mo bẹ aládùúgbò mi pé kó yá mi ní télé kan, mo so ó mọ́ ọn, mo tan iná. Ojú télé mọ́lẹ̀! Ṣùgbọ́n ìlà dúdú àti funfun rúdurùdu ló kún un, kò sí lẹ́tà kankan.

Ohun tó ń gba ọ̀rọ̀ dúró nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kóró dúdú kan ni, ó ní ẹsẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀kùn. Nígbà tí mo fà á tu, ẹsẹ̀ kan tí eérú ti jẹ dá mọ́ ihò, ó dá ní gbòǹgbò pátápátá. Háà! Mo jókòó sílẹ̀. Níbo ni mo ti máa rí irú rẹ̀ ní Bassila? Níbo ni mo ti máa rí i ní gbogbo Benin? Aládùúgbò mi kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Patrọ́nì, o ti gbìyànjú. Fi í sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ rere ni, ṣùgbọ́n ṣe ni ó bí mi nínú. Mo ní, "Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìyá mi á jẹ́ òpè títí tó fi máa kú."

Mo mú ayùn tí a fi ń ha èékánná. Mo fi ń ha ara kóró náà díẹ̀díẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Bí mo bá ha á jù, ó parí. Bí n kò bá ha á tó, òjé kò ní mú un. Àwọn oníbàárà dé, mo ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Nígbà tó yá, irin kékeré kan tàn wínní. Mo fi okùn bàbà tín-ín-rín ṣe ẹsẹ̀ mìíràn fún un, mo kán òjé sí i, mo dá kóró náà padà sí àyè rẹ̀. Mo tan iná. Ojú télé dúró jẹ́ẹ́, àmì kékeré kan sì ń ṣẹ́jú ní igun rẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́. Mo pariwo débi pé àwọn tó ń lọ sí ọjà dúró. Aládùúgbò mi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa jí. Òpùrọ́!

Ìyá mi wá sí Bassila lọ́jọ́ ọjà. Mo tan ẹ̀rọ náà fún un, mo rò pé á sunkún. Kò sunkún. Ó wò ó títí, ó wá ní, "Ṣé bọ́tìnnì A ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Ìyá mi, níbo lẹ ti mọ A?"

Ó ní, "Orí rẹ̀ náà ni. Bàbá rẹ ló kọ́ mi, lọ́sàn-án, tí gbogbo yín bá ti lọ sóko."

Ẹnu yà mí. Ìyá mi kò dé iléèwé rí, ìka ló máa ń tẹ̀ bí wọ́n bá ní kó fọwọ́ síwèé. Mo ní, "Wọ́n sì ń pè yín ní òpè lójú ayé, ẹ dákẹ́?"

Ó ní, "Wọn ò bi mí." Ó tẹ A. Kò ṣiṣẹ́. Ó tẹ E, ó tẹ T, ojú télé kò mì. Ó ní, "N kò fẹ́ kó kàn tàn, ọmọ mi. Mo fẹ́ kó kọ ohun tí mo bá tẹ̀."

Mo tún tú u. Mo nu abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo fi ẹnu pẹ́ńsùlù kùn wọ́n níbi tí dúdú wọn ti ṣí, títí gbogbo wọn fi dáhùn.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé Manigri. Bàbá kékeré mi pè mí lórí tẹlifóònù. Ó ní, "Mo gbọ́ pé ó ti jí. O káre! Gbé e wá lọ́jọ́ àdúà ọdún, kí n gbé e sí pálọ̀ mi, kí àlejò máa rí i. Ohun ẹ̀gbọ́n mi ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti pín in fún ìyá mi."

Ó ní, "Òkú ni mo pín fún un. Èmi ò pín ààyè."

Ẹ gbà mí o! Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, mo ní mi ò ní gbé e lọ mọ́, kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ mi ní Bassila bí wọ́n bá tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ní, "Gbé e wá. Gbé télé náà wá."

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí àwọn ààfáà ti ṣe àdúà tán, mo gbé télé sórí tábìlì ní àgbàlá, mo so ẹ̀rọ mọ́ ọn, mo tan iná. Ó tàn. Ariwo sọ. Àwọn tó rẹ́rìn-ín nígbà kan ni wọ́n ń ti ara wọn láti rí i. Bàbá kékeré mi ti mú aṣọ kan wá tó fẹ́ fi dì í. Ó ní, "Ó tó, ó tó. Yọ wáyà rẹ̀, kí o gbé e fún mi." Mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dára létí àgbà rárá. Ìyá mi fọwọ́ kàn mí.

Ó kúnlẹ̀ kí bàbá kékeré mi bó ṣe máa ń kí i. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa àga, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, títí tó fi gbé ọwọ́ kúrò. Ohun tó wà lójú télé nìyí:

TEMI NI

Ó yí padà. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á."

Bàbá kékeré mi mọ̀wé díẹ̀. Ó wo télé, ó wo ìyá mi, ó kà á sínú.

Ìyá mi ní, "Ẹ kà á sókè, ọkọ mi. Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

Ojú gbogbo ẹbí wà lára rẹ̀. Ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sí èjìká, ó wúkọ́, ó ní, "Tèmi ni." Ó rí i pé àwọn kan ti fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wá tún un sọ kíákíá: "Tìrẹ ni. Tìrẹ ni, ìyàwó."

Ìyá mi fa wáyà yọ, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì wọ yàrá lọ.