Sítíárì Mọ́tò Kékeré

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún, ni mo ba iṣẹ́ Bàbá jẹ́. Mọ́tò ìjọba ń kéde kiri Ìlọ́ra lọ́sàn-án ọjọ́ kan, adìẹ ń sá kúrò lọ́nà fún un, èmi sì jókòó sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá, mò ń to ẹ̀wà sórí pákó, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, láìfi àyè sílẹ̀.

"Mélòó ló dé ibẹ̀, Ìyá Àgbà?" Bàbá bi mí. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, àmọ́ bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn.

"Mẹ́rìnlélógójì, Bàbá."

"Ó pé. Bó ṣe gùn gan-an nìyẹn."

Bàbá kì í ṣe ẹbí wa, ògiri ilé rẹ̀ ló kan tiwa. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá òyìnbó kan ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, òyìnbó yẹn sì ní mọ́tò àtijọ́ kan tó fi ń sáré ìdíje. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn, imú rẹ̀ gùn, bẹ́líìtì awọ ni wọ́n fi de bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá ló ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀, ó ń gbé mọ́tò náà lọ. Kí wọ́n tó gbé e, Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ wọn gbogbo ara rẹ̀, ó ń ta kókó sórí okùn bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Okùn yẹn ló gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lára mọ́tò ńlá, ẹyọ ẹ̀wà kan lára kékeré tó ń ṣe. Bàbá ò kàwé, èmi náà ò kàwé, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ò ṣì wá lọ́wọ́ rí.

Igi ọ̀mọ̀ ló fi gbẹ́ inú rẹ̀. Ó gé agolo mílíìkì, ó fi òòlù kékeré lù ú títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi bò ó. Ó tú wáyà ìjánu kẹ̀kẹ́ sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí irun, ìyẹn ló fi ṣe sípóòkù ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà bàtà ló fi ṣe táyà. Inú ṣọ́ọ̀bù ń rùn fún ọ̀dà àti kẹrosíìnì, òórùn gàrí tí ìyá mi ń yan á sì gba orí ògiri wọlé bá a.

Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó ti ń gbé iṣẹ́ sún mọ́ imú kó tó rí i. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ tó sọ fún ìyá mi pé, "Ẹyọ kan yìí ni mo fẹ́ parí kí ojú tó lọ. Tó bá ti parí, kó máa lọ."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Mi ò bínú sí i. Ó ti bá mi ṣiṣẹ́."

Sítíárì rẹ̀ nìkan gbà á ní odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ, wáyà ló fi ká a. Ó fá awọ ewúrẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó fi wé e yí ká. Ọjọ́ tó fi í sí i, awakọ̀ kan tó ń kó iṣu lọ Ìbàdàn wá mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wo mọ́tò náà, ó mi orí.

"Bàbá, ẹ ò gbọ́ ìkéde ni? Apá òsì ni sítíárì àwọn mọ́tò tuntun wà. Tiyín wà lọ́tùn-ún. Ọlọ́pàá á kó yín o."

"Kí wọ́n máa bọ̀. Màá ní mi ò tíì gba láísẹ́ǹsì."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí Bàbá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo fa sítíárì, kò wá. Mo yí i, ó kán. Mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá òsì, ó wọ́ síbẹ̀ bí etí ajá.

Bàbá dé, ó fọwọ́ pa mọ́tò náà bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ta ló wọ ibí?"

"Èmi ni, Bàbá. Kí wọ́n má baà kó yín ni."

Ó ṣí fìlà, ó jókòó. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbìyànjú láti ṣe òmíràn, wáyà ń gún un níka. Ọjọ́ kẹrin, ìyá mi rí ọwọ́ rẹ̀, ó bi í léèrè, ó sì gbọ́ ohun tí mo ṣe. Orógùn gàrí ló gbé wá.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Bàbá wí. "Tẹ́ ẹ bá nà án, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ lò."

Bí mo ṣe di oníṣẹ́ nìyẹn o. Bàbá á jókòó sẹ́yìn mi, á máa sọ ọ́: tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, dúró, mí kó o tó fà á. Mo ṣe mẹ́rin, ó fi ìka wò wọ́n, ó jù wọ́n sílẹ̀. Mo sunkún, ó ní kí n nu ojú, omi ojú ń mú wáyà dípẹtà. Ó fi ìka yí ìkarùn-ún ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó wọ́ díẹ̀."

"Ṣé kí n ṣe òmíràn, Bàbá?"

"Rárá. Èyí á gbé wa dé Ìbàdàn."

A fi í sí apá ọ̀tún. Bàbá fi ìka kan ti mọ́tò náà lọ lórí tábìlì, ó ń fi ẹnu dún bí ẹ́ńjìnnì, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, ohùn nìkan ló fi ń mọ èmi yàtọ̀ sí ìyá mi. Ṣùgbọ́n ó ti parí rẹ̀.

Ọmọ márùn-ún ni mo bí, kò sí èyí tí kò ba nǹkan mi jẹ́ rí nínú wọn. Mi ò nà wọ́n sí i. Màá ní, "Jókòó síbí. Èmi á máa sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìwọ lo máa ṣe é." Àkọ́bí mi, bàbá ìwọ tó ò ń kọ eléyìí, sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ẹgba ì bá tẹ́ òun lọ́rùn jù, pé ẹgba kì í pẹ́ tán. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ìdí tí mi ò fi nà án gan-an nìyẹn.