Màrìwò Lára Ọ̀pẹ Fúnláyọ̀

Ìwọ́ ọmọ ló wà nídìí ọ̀pẹ kan lóko wọn ní Lagbé. Ìwọ́ Fúnláyọ̀, àkọ́bí Thérèse. Lọ́jọ́ tí ìwọ́ náà já, Ifátóyè ọkọ Thérèse gbẹ́ ilẹ̀, ó sin ín, ó gbin ọmọ ọ̀pẹ lé e lórí. Ọmọ yóò máa dàgbà, ọ̀pẹ yóò máa dàgbà.

Ọmọ ò dàgbà. Ìgbóná mú un lọ kí eyín iwájú rẹ̀ tó tún hù. Àwọn àgbà ló lọ sin ín. Wọn ò fi ibojì han ìyá, nítorí òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Wọ́n ní kó má sunkún. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Thérèse gbé e mì. Ó ṣáà ní ọ̀pẹ. Bó bá ń ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, a fọwọ́ kan ara igi náà. "Ṣé dáadáa lo wà?" A kọjá lọ.

Òmìnira dé. Àsíá tuntun. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjọba ní ọ̀pẹ àtijọ́ ti gbó: kí ará abúlé so oko wọn pọ̀, kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀, kí wọ́n gbin irú tuntun tó ń so wìtìwìtì. Ìjọba yóò fún wọn lówó ìrànwọ́ tí wọn yóò fi jẹun títí tuntun yóò fi so. Ṣùgbọ́n bí igi àtijọ́ kan péré bá ṣẹ́kù, kò sẹ́ni tí yóò rí owó gbà.

Kí ni Thérèse yóò wí? Pé òun ṣì ń ṣọ̀fọ̀?

Láàárọ̀ tí àwọn agégi ń bọ̀, ó ti ṣáájú wọn dóko. Òun tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó so màrìwò yí ọ̀pẹ náà ká. Ibi tí màrìwò bá wà, òrìṣà ló ni ín. Àwọn agégi rí i, wọ́n yà fún un. Nígbà tí àáké dákẹ́, igi kan ló dúró lórí ilẹ̀ gbalasa. Bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sọ́jà.

Cyprien, ọ̀gá àgbẹ̀ tí ìjọba rán láti Àjàṣẹ́, wá wo oko. Ó nawọ́ sí igi náà. "Èyí ńkọ́?"

"Ti òrìṣà ni, ọ̀gá," ni agégi kan wí.

"Bon, ó dáa. Ẹ sọ fún òrìṣà pé owó ò tíì sí." Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ.

Ariwo ta. Jẹ́láàní aládùúgbò wọn, tí ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀, kọjú sí àwọn olórìṣà. "Mùsùlùmí lèmi, ẹ là mí lóye. Òrìṣà wo ni kò lẹ́bọ, tí kò lólórìṣà, tó kàn ṣàdédé wọṣọ?"



"Bóyá ibodè Igolo ló gbà wọlé," ni ẹnìkan wí, "kò sì sanwó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Thérèse bá wọn rín in. Ó korò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Ifátóyè ò jókòó.

"Ìyá Fúnláyọ̀."

Thérèse yíjú sí i. Ìyá Raphaël ni gbogbo ayé ń pè é láti ìgbà tó ti bí èkejì.

"Ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mo gbìn ín. Bí o bá fẹ́ kó dúró, màá ní èmi ni mo so màrìwò. Kí wọ́n bú mi."

Òjò ti ń ṣú. Thérèse ń gbọ́ àwọn ọmọ Jẹ́láàní tí wọ́n ń fa ẹní wọn láti igun kan yàrá dé èkejì. Ọmọ alààyè.

Ilẹ̀ mọ́. Lójú gbogbo wọn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú màrìwò náà. Jẹ́láàní la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó wo ojú obìnrin náà, ó pa á dé.

"Ẹ gé e," ni Thérèse wí.

Ọ̀pẹ tó ṣubú kì í tètè kú. Wọ́n dá ẹnu sí i lára, ẹmu rẹ̀ ń kán. Ó ṣì ń kán lọ́jọ́ tí owó dé, tí Jẹ́láàní ń kan páànù mọ́ òrùlé. Ifátóyè gbé ẹmu náà wá fún Thérèse, agbè kan. Kò mu. Ó gbé e lọ sídìí kùkùté, ó dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

Agbè òfìfo kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó. Kò fọ́.

Ó gbé e sókè, ó là á mọ́ kùkùté náà. Ibẹ̀ ló ti wá sunkún.