Ata Nínú Oúnjẹ Bámigbé

Irú oore kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé ìkà sàn jù ú lọ. Ẹni tó ń ṣìkà mọ̀ pé ìkà lòun ń ṣe, ẹ lè bá a jà kí ó jáwọ́. Ẹni tó bá ṣe yín ní jàǹbá tó sì ń retí kí ẹ wá dúpẹ́, kí lẹ fẹ́ bá a sọ? Ohun tí ojú Sẹ̀gilọlá rí lọ́wọ́ onílé rẹ̀ nìyẹn, Àgbádárìgì níbí, kò tíì pẹ́.

Aránṣọ ni Sẹ̀gilọlá, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló gbé e dé etí ọ̀sà. Ọkọ kú, òun kò padà sílé. Aṣọ ilé-ìwé tó ń rán fún ọmọ àwọn ará ibí ti pọ̀ ju ohun tí ó lè fi sílẹ̀ lọ. Ìyanuolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Èkó, níbi tó ti ń bá àwọn kan tó ń sin ajá òyìnbó tà ṣiṣẹ́. Ajá wọn kan bímọ, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sì wọ́ nírù, kò sí oníbàárà tó fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí Ìyanu máa gbé e lọ. Ó gbé e wá fún ìyá rẹ̀ kí ilé má baà dá jù. Gólídìn ritirífà ni wọ́n ń pe ìran ajá náà. Irun rẹ̀ dà bí gàrí olépo, etí rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ajá náà rí tí kò fẹ́ fi ahọ́n lá. Sẹ̀gilọlá sọ ọ́ ní Bámigbé.

Ìyanu ṣe ìkìlọ̀ kan fún ìyá rẹ̀ kí ó tó padà. Ó ní ohun tí ajá bá ti mọ̀ ní kékeré kì í bà á lẹ́rù tó bá dàgbà, kí ó máa mú un jáde, kí ó jẹ́ kí ó rí ayé. Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá létí ju bí ọmọ ṣe rò lọ. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá wà lọ́mọdé, ajá kan fa ẹran ojúgun rẹ̀ ya ní Ìkẹ́rẹ́, ajá tí wọ́n so mọ́ ìdí igi tọ̀sán-tòru títí gbogbo ohun ẹlẹ́sẹ̀ méjì fi di ọ̀tá rẹ̀. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Ó wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé Bámigbé kò ní bẹ̀rù ènìyàn, kò sì ní bu ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ.

Láti ìgbà náà, tí ẹ bá kọjá ní ọ̀nà èbúté láàárọ̀, ẹ ó rí i tó gbé ọmọ ajá sábẹ́ abíyá bí ẹni gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Á dúró níbi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń fọn fèrè kí etí ajá lè gbọ́ ọ. Á jókòó ti àwọn obìnrin Ajido tó ń já agbọ̀n ẹja yíyan kúrò nínú ọkọ̀. Munirah tó ń ta búrẹ́dì máa ń wọ hìjáábù tó balẹ̀. Sẹ̀gilọlá bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ajá rí i dáadáa nínú aṣọ náà. Munirah ní itọ́ ajá kò gbọdọ̀ kan aṣọ òun, ṣùgbọ́n ó dúró lókèèrè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń pe ajá lórúkọ. Wọ́n tilẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Topo ní òdìkejì ọ̀sà. Nígbà àkọ́kọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì mú kí ajá máa gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n tún lọ, orí àwọ̀n ló sùn lé. Àwọn ará àdúgbò ní Ìyá Ìyanu ti sọ ajá di ọmọ-ọmọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, abẹ́ ẹ̀rọ ni Bámigbé máa ń sùn sí, oníbàárà tó bá wọlé á fi ìrù wíwọ́ rẹ̀ kí i.

Bàbá Zinsu, onílé rẹ̀, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gùn ni bàbá náà, apẹja tó ti fi odò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Olè ti gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kan lọ lẹ́yìnkùlé, láti ìgbà náà ni kò ti sùn dáadáa. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ pé ajá ń bọ̀ nínú ọgbà òun. Ìgbà tó wá rí i tí ajá ń sá tọ gbogbo ènìyàn lọ, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ajá tó bá mọ gbogbo ènìyàn, olè náà ni yóò mọ̀. Nílé bàbá tirẹ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n ń gbé ọmọ ajá sí, wọ́n á sì fi ata sí oúnjẹ rẹ̀ kí inú rẹ̀ lè máa gbóná.

"Avún kì í ṣe àlejò," ni ó sọ, ní èdè tirẹ̀ ló sì ti pe ajá. "Tí kò bá ní ṣọ́ ilé, Ìyá Ìyanu, kò ní ríbi gbé nínú ọgbà mi."

Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí ajá bá gbọ́njú á gbó àlejò, kí Bàbá má fi ata kọ́ ọ, kí ó ṣáà fún òun láyè. Bàbá kò sọ pé rárá. Obìnrin náà rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú ní Ìkẹ́rẹ́, ó di dandan kí ó lọ síbi ìsìnkú. Ó fi Bámigbé sọ́dọ̀ Tẹjúmádé, ayálégbé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa bọ́ ọ àti bí yóò ṣe máa mú un jáde.

Ọjọ́ tó dé, ajá kò wá pàdé rẹ̀. Tẹjúmádé kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní Bàbá ti wá gbà á, Bàbá ní òun fẹ́ bá Ìyá Ìyanu kọ́ ọ ni, ta ni òun tí òun yóò fi bá onílé jiyàn? Sẹ̀gilọlá kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó ti dé ẹ̀yìnkùlé, níbi yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí. Ó ṣílẹ̀kùn. Òórùn ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ajá wà ní kọ̀rọ̀, okùn lọ́rùn, ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Àwo oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, pupa fún ata. Igi tí wọ́n fi ń gún un láti ojú fèrèsé ṣì wà nílẹ̀. Ó pè é, "Bámigbé," ó na ọwọ́. Ajá bu ọwọ́ náà jẹ, ó bù ú dé egungun.

Bàbá Zinsu ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí ẹ̀jẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ó ti ń dára, ó ti ń wọ̀ ọ́ lára, ó ku díẹ̀. Kí ẹ tó rò pé ọkùnrin burúkú ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: ẹran ló fi ń bọ́ ajá náà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹran tí òun alára kì í jẹ lójoojúmọ́. Oore ló pè é. Ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú.

Sẹ̀gilọlá fi ìró wé ọwọ́, ó tú okùn, ó fi aṣọ bo ajá lójú, ó sì gbé e bó ṣe ń jà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò kúnlẹ̀ kí Bàbá mọ́. Ó ń dúró kí i, bí ẹgbẹ́ ṣe ń kí ẹgbẹ́. Gbogbo ọgbà rí i. Wọ́n ní ó ń rí àgbà fín nítorí ajá.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ ajá tó ti sùn lórí àwọ̀n nínú ọkọ̀ Topo wá di èyí tó ń tọ̀ sílẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá fọn fèrè. Munirah tún dúró lókèèrè, ó ń pè é. Díẹ̀díẹ̀ ó tún tọ Munirah lọ, ó tọ àwọn obìnrin ẹja lọ, ó dárí ji Tẹjúmádé. Ẹnì kan ni kò dárí jì. Tó bá ti gbọ́ ikọ́ Bàbá Zinsu lásán, gbogbo irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde. Lọ́jọ́ kan tí bàbá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ajá fi eyín fa ìdí ṣòkòtò àlà tó wọ̀ ya.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bàbá ṣe. Ó pe gbogbo ayálégbé jọ, ó ní ajá náà ti rorò jù, kí Ìyá Ìyanu gbé e kúrò nínú ọgbà òun. Ẹni tó fi ata kọ́ ajá ní ìrorò ló wá ń fẹ̀sùn ìrorò kàn án! Bàbá ní ó ti di pé òun kò lè wọ ilé òun láìjẹ́ pé ẹnì kan bá òun di ajá mú. Gbọ́láhàn, olùkọ́ tó ń gbé ní yàrá iwájú, dá a lábàá pé kí Sẹ̀gilọlá kàn kúnlẹ̀ fún àgbà, kí ọ̀rọ̀ parí.

Sẹ̀gilọlá dìde. "Mo ti bẹ̀ yín tẹ́lẹ̀, Bàbá, lórí eékún mi, kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ. Ohun tí ẹ kọ́ ọ ló ń ṣe. Mi ò ní gbé e lọ síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ máa wá tú ẹ̀kọ́ yín ká, ẹ̀yin fúnra yín."

Gbogbo ọgbà rò pé ẹrù obìnrin náà ni yóò sùn síta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò lè wọ ilé ara rẹ̀ kò ní ẹnu tó pọ̀. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe.

Bàbá jókòó sílẹ̀, lórí yẹ̀pẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù, láàárọ̀, níṣojú àwọn tó ń lọ wọkọ̀. Sẹ̀gilọlá kọ́ ọ: kí ó na ẹja sílẹ̀ lórí àtẹ́lẹwọ́, kí ó má sọ̀rọ̀, kí ó wo ilẹ̀, nítorí ajá tó ń bẹ̀rù kì í fẹ́ kí wọ́n wo òun lójú. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, abẹ́ ẹ̀rọ ni Bámigbé ń wà, tó ń kùn. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń kí Bàbá, kò lè dáhùn. Orúnkún ń dùn ún. Síbẹ̀ ó ń padà wá lójoojúmọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ajá wọ́ jáde, ó fi ikùn wọ́ ilẹ̀ títí ó fi débẹ̀. Ó gba ẹja náà, ó sì sá padà.

Bàbá gbójú sókè. Ó béèrè bóyá ó ti parí.

"Ajá ti gbà, Bàbá," ni Sẹ̀gilọlá wí, kò dá ẹ̀rọ dúró. "Ẹ ò tíì bẹ èmi."

Bàbá Zinsu kò tíì bẹ ayálégbé rí láyé rẹ̀. Ó ṣì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, òórùn ẹja ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún wo ilẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kí ó máa wo ilẹ̀ fún ajá, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ìyá Ìyanu, má bínú."