Fèrèsé Tí Olùkọ́ Wa Máa Ń Tì

Tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ti fèrèsé gbàgà, olùkọ́ wa ní yunifásítì ní Port Harcourt, láyé ìjọba ológun, ni mo máa ń rántí. Kó tó kọ́ wa bí ayé ṣe ń gbóná sí i, á kọ́kọ́ ti fèrèsé tó kọjú sí iná gáàsì àwọn elépo rọ̀bì, tó ń jó tọ̀sán-tòru. Yìnyín tó ń yọ́ nílẹ̀ òyìnbó ló máa ń sọ ṣáá. "Òkèèrè ni kẹ́ ẹ máa wò," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Èmi ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn elépo ti fowó dí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, mo nawọ́. "Sà, iná ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ńkọ́?"

Ó wo ọkùnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí a ò mọ ibi tó ti wá, táwọn kan ń fura pé ìjọba ló rán an, tí kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó wá sún mọ́ mi, ó fi Yorùbá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ta ló rán ẹ?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣí fèrèsé náà sílẹ̀ gbayawu, ó dúró síwájú rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ yìnyín. Iná ń jó lẹ́yìn rẹ̀.

Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin yẹn ti ń kọ̀wé.