Igun Pálọ̀ Màmá Málọmọ́

Bámikẹ́ kì í bẹ ẹnikẹ́ni. Gbogbo Paháyí ní Ìlaró ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ọkọ rẹ̀ fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ó ní òun ń lọ sí Kútọ̀nù, òun ń bọ̀. Kò bọ̀. Nígbà tí àwọn àna rẹ̀ wá ní kó ṣe sùúrù, ó ní kí wọ́n lọ fi sùúrù náà se ọbẹ̀. Iṣẹ́ tàípísì ló ń ṣe ní Póòlì. Owó oṣù iṣẹ́ yìí ló fi dúró tó fi rí owó yá ní báńkì tó ń yá òṣìṣẹ́ lówó ilé, ó sì kọ́ yàrá mẹ́ta àti pálọ̀.

Gbogbo ilẹ̀ ilé náà ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́, àfi igun kan ní pálọ̀. Ìyá rẹ̀, Màmá Málọmọ́, ló ní kó fi í sílẹ̀, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n sin òun sí. Màmá ti bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Gbọ́lá, jà lórí ilẹ̀ oko bàbá wọn ní Ìwòyè-Kétu. Gbọ́lá gba ilẹ̀, ó tún lé e jáde, Màmá sì búra pé òkú òun kò ní wọ agboolé yẹn láéláé. Itẹ́ òkú ńkọ́? Ó ní ẹni tí kò bímọ ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sórí igun náà, orí ẹ̀ ló ń jókòó sí tó bá fẹ́ bá ọmọ rẹ̀ jà, wọ́n sì ń jà lójoojúmọ́.

Nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀-ajé tuntun tí ìjọba gbé jáde, dé, tí náírà di yẹpẹrẹ, báńkì fi kún èlé. Owó oṣù Bámikẹ́ kò kúrò níbi tó wà. Oṣù tó bá san ti báńkì, gààrí ni wọ́n ń mu sùn. Oṣù tó bá ra oúnjẹ, báńkì á kọ̀wé sí i pé àwọn máa ta ilé náà. Nígbà tó sú u, ó ní òun máa lọ sọ fún wọn kí wọ́n dín iye tóun ń san lóṣooṣù kù, kí wọ́n fi ọdún kún un.

"Rọra bá wọn sọ̀rọ̀ o," ni Màmá wí. "Ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ òṣìkà kó lè tú ìlú ẹ̀ ṣe."

"Kí òṣìkà máa gbé ìlú ẹ̀ bẹ́ẹ̀, Màámi."

Akínlolú ló bá ní báńkì, ọmọdékùnrin kan tí táì ń fún lọ́rùn. Kò ní kó jókòó.

"Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́lé, mà?"

"Ìwọ kọ́. Àmọ́ ò ń ṣe bí ẹni pé àpò bàbá ẹ ni wọ́n ti yọ owó náà."

Akínlolú rẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ Ẹtì lòun máa mú ẹni tó fẹ́ ra ilé náà wá, kí wọ́n gbálẹ̀ dè é.

Ó sì mú un wá lóòótọ́. Ọlájídé ni, ọkùnrin kan tó ń kó ìrẹsì wọlé láti ẹnu ibodè. Ó ń gbá ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ó ń ṣílẹ̀kùn kiri bí onílé, Bámikẹ́ ń tẹ̀ lé e, ó ń pòṣé. Wọ́n dé pálọ̀, Màmá wà lórí ẹní rẹ̀.

"Ẹ dìde, Màmá, ẹ jẹ́ ká rí ilẹ̀."

Màmá dìde, ó ká ẹní. "Wò ó dáadáa. Sàréè mi nìyẹn. Ara mi ò yá látàárọ̀, tètè sanwó, kó o lè bá wọn gbẹ́ ẹ."

Ọlájídé ò béèrè iye tí wọ́n ń ta ilé mọ́. Ta ni yóò fowó ra ilé tí ìyá onílé máa sùn sí, kí àwọn ọmọ olókùú máa wọlé wá ṣọdún lórí rẹ̀? Ó bú Akínlolú lójú gbogbo ènìyàn, ó ní ṣé òkú lòun ní kó bá òun wá rà ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti kárí Ìlaró, kò sì sẹ́ni tó tún fẹ́ wo ilé náà.

Ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Akínlolú padà wá, ó fajú ro. Báńkì ti gbà, wọ́n máa dín owó kù, wọ́n á sì fi ọdún méjìlá kún un.

"Àmọ́ ẹ máa rẹ́ igun yìí. Ẹ ò gbọdọ̀ sin ẹnikẹ́ni síbí títí owó wa á fi pé, Màmá náà á sì tẹ̀ka sí ìwé àdéhùn. Ẹ ò ní fi òkú halẹ̀ mọ́ wa lẹ́ẹ̀kejì."

Bámikẹ́ ti la ẹnu èébú. Màmá ló dá a dúró.

"Ọdún mélòó lo pè é?"

"Méjìlá, Màmá."

Màmá ti lé ní ọgọ́rin. Ó na àtàńpàkò rẹ̀. "Gbé tàdáwà ẹ wá."

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Màámi."

"Ibo lo fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹ lọ? Panu mọ́."

Fúnra Bámikẹ́ ló po sìmẹ́ńtì. Màmá jókòó sórí àga, ó ń wò ó. Inú ń bí Bámikẹ́ sí báńkì, inú ń bí i sí ìyá rẹ̀, ó sì ń sunkún.

"Da omi sí i," ni Màmá wí. "Èyí tó o pò yẹn máa sán."

"Mo gbọ́."

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa."

Ọyẹ́ kejì ò bá Màmá láyé. Ọjọ́ tó kú gan-an ni Bámikẹ́ wọkọ̀ lọ sí Ìwòyè-Kétu, ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Gbọ́lá. Iyán ló bá a tó ń jẹ. Gbọ́lá jẹ ẹ́ tán, ó fọwọ́, kó tó bi í pé kí ló wá wá. Nígbà tó gbọ́ pé ibi tí wọ́n máa sin Màmá sí ló ń tọrọ, ó fi ẹ̀yìnkùlé hàn án, lẹ́bàá ilé adìẹ. Bámikẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."