Yàrà Tó Hàn Nínú Àgbàdo

Wọ́n ní kò sí ẹnikẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí. Gbólóhùn yẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bi wọ́n léèrè kí n tó kan àwọn yòókù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ dàgbà, jókòó níwájú àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀, wọ́n ní igbó ni ilẹ̀ náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, pé ẹranko nìkan ló gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Màmá, ìyá ọkọ mi yìí, ló ń dáko níbẹ̀, lójú ọ̀nà Alápòtì, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Kò sẹ́ni tó pè é kí wọ́n tó tà á.

Lákòókò tí mò ń wí yìí, ọ̀nà Ìdírókò ti di ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kógbá wọlé ní Ṣàngó, ìjọ ni yóò gba ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀. Bí ìjọ náà bá gbòòrò, yóò wá ilẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn Àtàn, yóò ní òun fẹ́ kọ́ yunifásítì. Èmi kò bá ẹ̀kọ́ jà o. Èmi náà lọ sí yunifásítì, ìmọ̀ nípa ojú ilẹ̀ ni mo sì kà níbẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni kí wọ́n fi katakata gbá bàbá oníbàbá jọ bí ẹni gbálẹ̀ ọjà.

Nítorí ohun tí Màmá máa ń sọ nìyí: ìlú ni ibẹ̀ kí ogun tó tú u. Ìlú kékeré ni, yàrà yí i po kí ọ̀tá má baà wọlé. Bíi ti gbogbo ayé ìgbà náà, inú ilé ni wọ́n ń sin àgbà sí, nínú yàrá tó ń sùn nígbà ayé rẹ̀. Ilé wó, yàrà dí, wọ́n roko bò ó, wọ́n gbin àgbàdo. Àmì kankan ò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó sùn sábẹ́ rẹ̀ kò kó lọ. "Bàbá bàbá mi wà ní ìyẹ̀wù rẹ̀," ni Màmá máa ń wí, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ ẹ́ wò bọ̀ ni. Nígbà tó sọ ọ́ fún alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ tó ra ilẹ̀ náà láti fi kọ́ yunifásítì, ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ fi ògiri kan ṣoṣo hàn wá." Màmá kò rí ògiri fi hàn.

Ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan ní Ṣàngó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń lo dróònù wọn, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé kámẹ́rà fò lókè. Nígbà tí iṣẹ́ ilẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, mo sọ fún ọ̀gá mi pé oko ìyá ọkọ mi ni.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo tà á ni? Lọ ya àwòrán wá, jàre."

Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó débẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀ gun ọ̀kadà wá pàdé mi, wọ́n gbé àdá lé orí itan. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé kan tó wọ fìlà olówùú nínú oòrùn, fi ẹ̀yìn àdá rẹ̀ kan àpò mi, ó ní bí òun bá rí i pé mò ń ṣe amí fún ìyá arúgbó yẹn, òun á gé ọwọ́ tí mo fi ń di ẹ̀rọ mú. Lẹ́yìn náà ló wá dúró sí ẹ̀yìn mi gẹ́lẹ́. Mò ń gbọ́ òórùn ògógóró lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé dróònù náà fò.

Òjò ti dáwọ́ dúró ṣáájú àkókò lọ́dún náà, àgbàdo Màmá sì ti ń pọ́n níbi gbogbo. Mo wo ojú ẹ̀rọ. Láàárín àgbàdo tó ti pọ́n, ìlà àgbàdo tútù kan là kọjá, dúdú minimini. Ó tẹ̀ lọ, ó tẹ̀ bọ̀, ó pàdé ara rẹ̀, róbótó. Nínú rẹ̀, àwọn ojú ibi onígun mẹ́rin kéékèèké wà tí wọ́n gbẹ ju gbogbo oko lọ.

Mo mọ ohun tí mò ń wò. Ibi tí wọ́n bá ti gbẹ́ yàrà rí, tó wá dí pa dà, ilẹ̀ ibẹ̀ á jìn, á rọ̀, á máa mu omi pamọ́. Bí ọ̀dá bá dé, àgbàdo tó wà lórí rẹ̀ ni yóò gbẹ kẹ́yìn. Ibi tí wọ́n bá ti lu ilẹ̀ ilé, tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ le, gbòǹgbò kì í rí ọ̀nà wọ̀. Tibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Ẹni tó dúró nínú oko kò lè rí i. Àfi ẹni tó bá ń wò ó láti òkè. Mo ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú ìwé nílé ẹ̀kọ́, ti ilẹ̀ òkèèrè ni gbogbo wọn. N kò mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn àna mi ni n ó ti fojú ara mi rí i.

"Màdáàmù, kí nìyẹn?" Ọkùnrin ẹ̀yìn mi ni.

"Yàrà ni."

"Yàrà wo? Mo ti rin oko yìí já, kò sí yàrà kankan. Ta ló gbin àgbàdo róbótó báyìí?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló…"

"Yéè! Ẹ wá wo agbo àwọn àjẹ́ o!"

Ẹni tó fẹ́ gé ọwọ́ mi láàárọ̀ wá ń fi ẹ̀yìn mi ṣe ibi ìsápamọ́sí. Síbẹ̀, ó yọ fóònù, ó ya ojú ẹ̀rọ mi, ó fi ránṣẹ́ sí alága. N kò ní kí ó yà á. Kò bi mí.

Nígbà tí mo fi máa dé ọ́fíìsì, wọ́n ti pe ọ̀gá mi.

"Ìlú ni àbí àjẹ́ ni?"

"Ìlú ni, sà."

"Ì bá dáa kó jẹ́ àjẹ́," ó ní. "Àjẹ́, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọ́lé wọn. Ìlú ńkọ́? Ẹjọ́ nìyẹn."

Ó yọ káàdì tí àwọn àwòrán wà lórí rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀. Ó pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ lójú mi. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ìyá ọmọ ni ẹ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ yẹn mọ ilé ẹ." Ó jí ẹ̀rí, ó fi ọmọ mi halẹ̀ mọ́ mi, ó sì pe méjèèjì ní ìmọ̀ràn. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá ti rọra kọjá lójúde wa, n ó pe ọmọ mi wọlé. Ọkọ mi ní kí n gbẹ́nu dákẹ́. Ìyá tirẹ̀ mà ni o.

N kò dákẹ́ fún Màmá. Mo bá a níbi tó ti ń bẹ pákí.

"Mo rí i, Màmá."

"Kí lo rí, ìyàwó?"

"Yàrà yẹn."

Ọ̀bẹ dúró. "Ó ṣì wà?"

"Ó wà."

"Ẹnubodè ńkọ́? Bàbá mi ní méjì ni. Ọ̀kan kọjú sí Àtàn, ọ̀kan kọjú sódò."

N kò ṣàkíyèsí ẹnubodè kankan. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní àpò àyà ọ̀gá mi, katakata sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Màmá ń fa pákí létí oko nígbà tí a gbọ́ agogo àti orin. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà ìjọ náà ń bọ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́rí, àwọn ọmọ onílẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Mo fa Màmá mọ́lẹ̀ sáàárín pákí. Alága wà níwájú, ó ń wo fóònù.

"Èyí tó tútù nìkan!" ó ń pariwo. "Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó pọ́n! Agbo wọn ni kí ẹ gé!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, wọ́n ń gé, wọ́n ń jó. Àdá ń dún wàá wàá sún mọ́ wa. Mo di ìró Màmá mú.

"Àgbàdo mi ni wọ́n ń gé yẹn."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àdá ló wà lọ́wọ́ wọn."

"Mo rí i pé àdá ni. Ṣé ṣíbí ni wọn ì bá fi gé e?"

Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run forí jì mí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Wọ́n gé e yípo, wọ́n kó o lọ sí etí títì, wọ́n sun ún, wọ́n lọ. Àgbàdo tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá Màmá gbìn.

A dìde. Níbi tí a kò ti rí nǹkan kan rí, ọ̀nà gbalasa kan ti là nínú oko. Wọ́n ti gé àgbàdo orí yàrà náà tán, wọn ò fọwọ́ kan tọ̀tún tòsì rẹ̀. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ ti lè fojú tẹ̀ lé e yípo. Ohun tí ọ̀gá mi kó sápò, wọ́n ti fi àdá yà á sílẹ̀ fún gbogbo ayé wò. A ń rìn ín lọ títí a fi dé ibi tí ìdì àgbàdo gbígbẹ kan dí ọ̀nà. Wọn kò gé e, nítorí pé kò tútù. Àwọn ará ìlú àtijọ́ náà kò gbẹ́ yàrà síbẹ̀ rí.

Màmá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Àtàn ló wà lọ́hùn-ún yẹn," ó ní. Ó bú sẹ́kún. Nígbà tí a dé apá odò, ìdì kejì dúró síbẹ̀, ó ń dúró dè wá.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹnubodè apá Àtàn ni a dúró sí. Katakata dé, alága dé, gbogbo wọn dé. Awakọ̀ náà, ọmọ Ọ̀yọ́ kan, wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pa ẹ̀rọ.

"Ìlú ta nìyí?"

"Ìlú kẹ̀?" alága ní. "Igbó ni."

"Alàgbà, igbó kì í ní yàrà. Ahoro pọ̀ lọ́dọ̀ wa, bó ṣe ń rí nìyí. Àwọn àgbà inú ilé wọn ńkọ́, ṣé ẹ ti kó wọn?"

Géńdé onífìlà olówùú fi àdá lu irin katakata. "Wà á, jàre!"

"Gùn ún, kí o wà á fúnra ẹ."

Kò gùn ún. Ó ń wo àmì róbótó yẹn, kò tilẹ̀ fẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn án.

Alága kọjú sí mi. "Ìwọ lo fa gbogbo èyí."

Ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ, ṣùgbọ́n ó jáde. "Ẹ̀yin lẹ gé e, sà."

Ìgbà náà ni Màmá tún ìró rẹ̀ ró, ó gba ẹnubodè wọlé. Ó sọ̀rọ̀ sókè bí àlejò tó dé ilé onílé: "Ẹ kúulé o!" Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà sún sẹ́yìn. Èmi gan-an, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn.

Katakata kò wọ ibẹ̀, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n kọ́ yunifásítì wọn sí apá kejì ilẹ̀ náà. Àmọ́ n kò tíì parí ẹjọ́ mi. Wọ́n lé mi níbi iṣẹ́. Wọ́n fi ọgbà waya yí ìlú Màmá ká, wọ́n gbin koríko sí i, wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé ọgbà àdúrà ni, wọn kò dárúkọ ìlú kankan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń bomi rin koríko náà ju gbogbo ọgbà lọ, kí àmì yẹn má baà yọ. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ Màmá kò bá lè gbé e débẹ̀ mọ́, katakata mìíràn yóò dé, pẹ̀lú awakọ̀ tí kì í béèrè nǹkan.

Nítorí náà la ṣe ń lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, Màmá di waya mú, ó ké sínú ọgbà pé, "Ẹ kúulé o!"

Gáádì tó jókòó sábẹ́ igi dìde, ó yọ fìlà. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ilé ńkọ́?"

"Jókòó, ọmọ mi," Màmá ní. "Ìwọ kọ́ ni mò ń kí."